Agbọ́n Alámọ̀ Inú Ilé Wa: Ta Ni Ó Dí Ihò Kọ́kọ́rọ́?

Ibi kíkà: Òwe 6:6–8, Òwe 18:13.

Ète ẹ̀kọ́ yìí: Kí a lè mọ ohun tí agbọ́n alámọ̀ ń ṣe nínú ilé wa, kí a jáwọ́ nínú ìbẹ̀rù tí kò nídìí, kí a sì kọ́ láti wo ọ̀rọ̀ dáadáa kí a tó dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bi.

Ní ìpàdé wa kan, arábìnrin kan béèrè ìbéèrè tí ó mú kí gbogbo wa dákẹ́. Ó ní òun gbé àwòrán ọkọ òun tí ó ti di olóògbé kúrò lára ògiri láti nù ún, òun sì bá amọ̀ tí ó lẹ̀ pinpin mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí amọ̀ náà fọ́, òkú aláǹtakùn ni ó ń dà sílẹ̀. Ẹnìkan ti sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ aráyé ni. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sùn nínú yàrá yẹn mọ́.

Mo ṣèlérí pé n óò kọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wa. Ọ̀rọ̀ náà kan èmi fúnra mi, mo sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ILÉ MI

Ní ọdún 1989, mo ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níhìn-ín ní Ọ̀wọ̀. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá wà lọ́dọ̀ mi. Láti abúlé kan ní apá Ifọ̀n ni àwọn òbí rẹ̀ ti mú un wá, kí ó máa ràn mí lọ́wọ́ nínú ilé, kí èmi náà sì máa rán an lọ sí ilé-ìwé.

Mo ní àpótí onírin kan tí mo ń kó owó àjọ àwọn obìnrin àdúgbò wa sí. Ní ọjọ́ kan mo fẹ́ ṣí i, kọ́kọ́rọ́ kò wọlé. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, mo rí i pé wọ́n ti fi amọ̀ dí ojú ihò rẹ̀. Amọ̀ náà tẹ́jú, ó sì dán, bí ẹni pé ọwọ́ ènìyàn ni ó rẹ́ ẹ. Ta ni ó wà nílé? Ọmọ yìí nìkan ni. Mo rò ó nínú ara mi pé ó fẹ́ fi amọ̀ gba àwòrán ihò kọ́kọ́rọ́ mi, kí ó lè jí owó àjọ. Mo fi abẹ́rẹ́ tú amọ̀ náà, aláǹtakùn kéékèèké sì bẹ̀rẹ̀ sí jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Aládùúgbò mi kan tí ó dúró tì mí pariwo, ó ní oògùn ni.

Ọmọ náà ń sunkún, ó ń wí pé òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. N kò gbọ́. Mo nà án. Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ ti gbọ́, ó wá, ó sì mú un lọ.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo jókòó nínú yàrá, mo ń sàmì sí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi. Agbọ́n dúdú kékeré kan gba ojú fèrèsé wọlé. Ó lọ tààrà sí ihò kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù mi, ó sì gbé aláǹtakùn kan dání. Ó wọ inú ihò náà, ó jáde, ó lọ, ó tún gbé òmíràn dé. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, amọ̀ ni ó ń gbé wá. Ó fi ẹnu tẹ̀ ẹ́, ó rẹ́ ẹ, ó sì dí ihò náà gẹ́gẹ́ bí ti àpótí mi gan-an. Kò sí ọmọ kankan nínú ilé lọ́jọ́ náà. Bíírò ọwọ́ mi bọ́ sílẹ̀. N kò lè sàmì sí ìwé mọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo agbọ́n, tí mo sì ń ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún yín.

AGBỌ́N WO NI Ó WÀ NÍLÉ YÍN?

Kì í ṣe gbogbo agbọ́n ni ìwà wọn dọ́gba. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbé pọ̀ bí ẹbí. Wọn a máa so ilé wọn rọ̀ mọ́ abẹ́ òrùlé tàbí ara ẹ̀ka igi. Igi ni wọ́n ń họ, wọn a fi ẹnu rún un pẹ̀lú itọ́, ó sì máa ń dà bí bébà. Bí ènìyàn bá fọwọ́ kan ilé wọn, wọn a tú jáde, wọn a sì ta á. Àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí a máa ṣọ́ra fún.

Agbọ́n alámọ̀ yàtọ̀. Òun nìkan ni ó ń dá gbé, òun nìkan ni ó sì ń dá ṣiṣẹ́. Kò ní ọmọ ogun tí yóò pè jáde. Kì í sábà ta ènìyàn àfi bí a bá dì í mú tàbí tí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Akọ rẹ̀ kò tilẹ̀ ní oró rárá. Irú mẹ́ta ni a sábà máa ń rí nínú ilé:

1. Èyí tí ó ń kọ́lé sí ara ògiri, ẹ̀yìn àwòrán, tàbí ara aṣọ fèrèsé. Ó dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ìbàdí rẹ̀ sì gùn tín-ín-rín bí okùn. Àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀kan tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà ní Sceliphron spirifex. Yàrá amọ̀ gígùn ni ó ń mọ, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn, lẹ́yìn náà a fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èyí ni ó wà lẹ́yìn àwòrán arábìnrin wa.

2. Èyí tí ó ń mọ ìkòkò kékeré roboto, tí ó ní ọrùn àti ẹnu bí ìkòkò omi. Àwa ará Ọ̀wọ̀ mọ iṣẹ́ amọ̀. Àwọn ère amọ̀ tí Ekpo Eyo wú jáde ní Igbó Lájà ní ọdún 1971 jẹ́rìí sí ọgbọ́n ọwọ́ àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ìkòkò agbọ́n yìí, ẹ óò gbà pé òun náà mọ amọ̀.

3. Èyí tí kì í kọ́lé fúnra rẹ̀. Ihò tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni ó ń wá: ihò kọ́kọ́rọ́, ihò ìṣó, ihò ara igi, ihò ọparun. A kó oúnjẹ sínú rẹ̀, a sì fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀. Èyí ni ó bá mi lálejò ní 1989.

KÍ NI ALÁǸTAKÙN Ń ṢE NÍNÚ AMỌ̀?

Oúnjẹ ọmọ ni. Agbọ́n tí ó ti dàgbà kì í gbé ayé nítorí ẹran. Omi dídùn inú òdòdó ni oúnjẹ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdin rẹ̀ kò lè dàgbà láìjẹ ẹran. Nítorí náà ni ìyá ṣe ń dọdẹ. Àwọn kan ń pa aláǹtakùn nìkan. Àwọn mìíràn, bí èyí tí ó ń mọ ìkòkò, ń kó àwọn kòkòrò tí ń jẹ ewé, tí ì bá di labalábá lẹ́yìn ọ̀la. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí ni wọ́n ń ba ẹ̀fọ́ àti àgbàdo wa jẹ́, nítorí náà agbọ́n ń ràn wá lọ́wọ́ nínú oko.

Bí ó bá mú aláǹtakùn, a ta á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kú; oró náà ni ó mú ara wọn rọ. Bí ẹ bá yẹ̀ wọ́n wò, ẹ lè rí ẹsẹ̀ kan tí ń mì díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n kú pátápátá ni, wọn ì bá jẹrà kí ọmọ tó jẹ wọ́n tán. Bí wọ́n bá sì lágbára, wọn ì bá sá lọ. Nínú yàrá amọ̀ kan ṣoṣo, ẹ lè ka aláǹtakùn mẹ́jọ, mẹ́wàá, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá yóò yé ẹyin kan sí ara ọ̀kan nínú wọn, yóò dí ẹnu yàrá náà, yóò sì lọ. Ẹyin á pa, ìdin á máa jẹ oúnjẹ tí ìyá fi sílẹ̀, á hun aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí ara rẹ̀ ká, a sì di agbọ́n níbẹ̀. Nígbà tí àkókò bá tó, yóò họ amọ̀ náà, yóò sì jáde. Ìdí nìyí tí a fi ń rí ihò roboto lára ilé amọ̀ tí ó ti pẹ́.

Nígbà mìíràn, ẹ óò rí kòkòrò kan tí ń rìn káàkiri lórí amọ̀ náà, tí ara rẹ̀ dúdú-ewé, tí ó sì ń dán bí gíláàsì. Agbọ́n ni òun náà, ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́. Ó ń wá ọ̀nà láti yé ẹyin tirẹ̀ sínú ilé ẹlòmíràn, kí ọmọ rẹ̀ lè jẹ ohun tí kò ṣe làálàá fún.

Kò sí ọwọ́ aráyé nínú gbogbo èyí. Arábìnrin mi, ẹ padà sínú yàrá yín, kí ẹ sì gbé àwòrán ọkọ yín kọ́ sí ààyè rẹ̀.

“JỌ MÍ, JỌ MÍ”

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá ìyá mi sọ ìtàn kan fún wa nípa agbọ́n yìí. Ó ní agbọ́n alámọ̀ kì í bímọ. Ọmọ kòkòrò ẹlòmíràn ni ó ń gbé wálé, a tì í mọ́ inú amọ̀, a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a sì máa kọrin sí i pé, “Jọ mí, jọ mí.” Bí ọjọ́ bá pé, ọmọ kòkòrò náà á jáde, á sì ti di agbọ́n. Màmá a wá fi kún un pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yẹ kí ènìyàn tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, títí yóò fi jọ ọ́.

Orin náà kì í ṣe irọ́. Ẹ dúró tì í nígbà tí ó bá ń rẹ́ amọ̀, ẹ óò gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan. Iṣan ìyẹ́ rẹ̀ ni ó ń gbọ̀n kíkankíkan. Gbígbọ̀n yìí a máa mú kí amọ̀ rọ̀, kí ó lè tẹ́ dáadáa. Etí àwọn àgbà gbọ́ ohùn náà, wọ́n sì wá ìtumọ̀ fún un.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ará Ṣáínà àtijọ́, tí wọ́n jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀, gba irú ìtàn yìí gbọ́. Títí dòní, orúkọ kòkòrò tí agbọ́n ń gbé ni wọ́n ń lò fún ọmọ tí a gbà tọ́ nínú èdè wọn. Ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Tao Hongjing, tí ó gbé ayé láti ọdún 456 sí 536, kò kàn tún ohun tí ó wà nínú ìwé sọ. Ó wo ilé agbọ́n fúnra rẹ̀. Ó rí i pé agbọ́n ń yé ẹyin tirẹ̀, àti pé oúnjẹ ni kòkòrò tí ó gbé wálé.

Nítorí náà, ìtàn ìyá mi àgbà dára, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Agbọ́n kò sọ ọmọ ẹlòmíràn di tirẹ̀. Ó fi ọmọ ẹlòmíràn bọ́ tirẹ̀ ni.

AGBỌ́N TÍ Ó Ń RẸ́ ÒGIRI ÒFÌFO

Olùkọ́ ilé-ìwé kan wà ní ilẹ̀ Faransé, Jean-Henri Fabre ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní 1823, ó kú ní 1915. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ṣọ́ agbọ́n àti kòkòrò mìíràn. Ní ọjọ́ kan, ó yọ ilé amọ̀ kan kúrò lára ògiri nígbà tí agbọ́n tí ó ń kọ́ ọ lọ bu amọ̀. Nígbà tí agbọ́n náà padà dé, kò wá ilé rẹ̀ kiri. Ibi tí ilé náà ti wà ni ó bà lé, ó sì ń rẹ́ amọ̀ mọ́ ojú ògiri òfìfo, léraléra, bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Fabre tún yọ ẹyin àti aláǹtakùn inú yàrá amọ̀ mìíràn. Bí agbọ́n bá ti kó òmíràn wọlé, òun náà á tún kó o jáde. Níkẹyìn, agbọ́n náà dí ẹnu yàrá tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bí a ti dá a ni. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò lè dúró kí ó bi ara rẹ̀ pé, ṣé nǹkan kan wà níhìn-ín? Ṣùgbọ́n ènìyàn lè dúró. Lọ́jọ́ tí mo mú pàṣán, mo lè dúró kí n wo amọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Mo lè bi ara mi pé, báwo ni ọmọ kékeré ṣe lè kó aláǹtakùn tó bẹ́ẹ̀ sínú ihò tí kò gba ìka? N kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo agbọ́n ni ó ń dí ilé kí ó sì lọ. Onímọ̀ ará Faransé mìíràn, Émile Roubaud, kọ̀wé ní 1916 nípa àwọn agbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà. Ó sọ nípa èyí tí wọ́n ń pè ní Synagris cornuta, tí ìyá rẹ̀ ń padà wá lójoojúmọ́, tí ó ń fi ẹnu rún kòkòrò kí ó tó fi bọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá wo agbọ́n kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ yóò rò pé bákan náà ni gbogbo wọn.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍNÚ ILÉ

1. Ẹ lẹ bébà mọ́ ihò kọ́kọ́rọ́ tí ẹ kì í lò. Ẹ máa wo ihò ẹ̀rọ gáàsì, ẹnu ọ̀pá omi àti ihò ẹ̀rọ mànàmáná kí ẹ tó tàn wọ́n lẹ́yìn ìgbà pípẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1996, ọkọ̀ òfuurufú kan tí ó gbéra ní Puerto Plata, ní Dominican Republic, já sínú òkun, ènìyàn 189 sì kú. Àwọn olùwádìí sọ pé ọ̀pá tí ń wọn eré ọkọ̀ náà ti dí. Agbọ́n alámọ̀ ni wọ́n fura sí, nítorí ọkọ̀ náà ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ láìfò.

2. Bí ilé amọ̀ bá ti ní ihò roboto, àwọn ọmọ inú rẹ̀ ti ń jáde lọ. Ẹ fi ọ̀bẹ há a kúrò, kí ẹ sì fi omi ọṣẹ nu ojú ibẹ̀.

3. Ẹ má ṣe da kẹrosín-ìnì tàbí iná sí i. Ilé ni yóò jó, kì í ṣe agbọ́n.

4. Agbọ́n tí ń gbé pọ̀ lábẹ́ òrùlé ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé sọ lókùúta. Ẹ pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí agbọ́n bá ta ènìyàn, tí ojú tàbí ẹnu rẹ̀ wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWA TÍ ỌMỌ ỌLỌ́MỌ WÀ LỌ́DỌ̀ WA

Nígbà tí mo rí òtítọ́ ní 1989, mo wọ mọ́tò lọ sí abúlé àwọn òbí ọmọ náà. Mo kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ. Mo ṣàlàyé ohun tí mo rí. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, “Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ wa ní ìwé, ẹ kò lè ka ohun tí ó wà lára ògiri yín?” Ó dárí jì mí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọmọ náà bá mi padà. Ọmọ náà pàdánù ọdún kan ní ilé-ìwé kí wọ́n tó rí ààyè fún un nítòsí ilé. Mo ra ìwé àti aṣọ ilé-ìwé fún un títí ó fi parí ìwé mẹ́fà. Ọdún tí ó sọnù náà ni n kò rí san padà. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ nísinsìnyí. Bí a bá pàdé, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, ó sì máa ń dùn mí.

Ohun mìíràn wà tí mo ní láti jẹ́wọ́. Kí amọ̀ yẹn tó dé rárá, ọmọ náà ni ó ń jí ṣáájú gbogbo wa, òun ni ó sì ń sùn kẹ́yìn. Òun ni ó ń pọnmi kí àwọn ọmọ tèmi lè tètè dé ilé-ìwé, òun á sì pẹ́ dé tirẹ̀. Mo rò pé agbọ́n inú ìtàn ìyá mi àgbà ni mí, tí ń tọ́ ọmọ ẹlòmíràn kí ó lè jọ mí. Agbọ́n gidi ni mo jẹ́. Ọmọ ẹlòmíràn ni mo fi ń bọ́ tèmi.

Agbọ́n kò jẹ̀bi ohun tí ó ń ṣe, nítorí kò mọ ọ̀nà mìíràn. Àwa mọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà láti ọdún 2003, òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004 sì sọ pé ó di dandan kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ sí ilé-ìwé fún ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ ọ̀dọ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà sì ti wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan. Ojú ìwòye ara mi ni mo fi dá a.

Ẹ̀yin ìyá, ní ọjọ́ tí nǹkan bá sọnù tàbí tí ó bàjẹ́ nínú ilé yín, ẹ gbé pàṣán sílẹ̀ ná. Ẹ jókòó, kí ẹ wo ojú ibẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ó ṣe é yóò gba ojú fèrèsé wọlé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Irú agbọ́n alámọ̀ mélòó ni ẹ ti rí nínú ilé yín? Níbo ni wọ́n kọ́lé sí?

2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrín agbọ́n inú ìtàn “Jọ mí, jọ mí” àti agbọ́n gidi?

3. Ẹ rántí ìgbà kan tí ẹ dá ẹnìkan lẹ́bi kí ẹ tó wádìí. Ṣé ẹ ti padà lọ bẹ̀ ẹ́?

4. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá wà lọ́dọ̀ yín: aago mélòó ni ó ń jí, aago mélòó ni ó sì ń dé ilé-ìwé? Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dáhùn èyí nínú ọkàn rẹ̀, kí ó tó dé ilé.